Ìlera àti Eré Ìdárayá ní Ilé-ẹ̀kọ́: Ojúṣe Àjùmọ̀ní

Àwọn kókó pàtàkì

• Ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 nílò, ó kéré tán, ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́ fún eré tàbí iṣẹ́ tí ń mú kí ọkàn rẹ̀ lù kíkankíkan, tí ó sì ń mú kí ó máa mí kíákíá.

• Ní ọdún 2016, nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àgbáyé, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 11 sí 17, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọmọbìnrin, ó jẹ́ ìdá 85. Láàárín àwọn ọmọkùnrin, ìdá 78.

• A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé bí 150,000 ọmọ ni a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá dàgbà ni yóò jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn.

• Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ásímà tàbí wárápá lè kópa nínú eré ìdárayá, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá mọ ipò rẹ̀, tí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe.

Ohun tí ojúṣe àjùmọ̀ní túmọ̀ sí

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí a bá béèrè lọ́wọ́ òbí pé ta ni ó ń mójú tó ìlera ọmọ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, yóò ní olùkọ́ ni. Bí a bá bi olùkọ́, yóò ní iṣẹ́ òun ni láti kọ́ni, àti pé òbí àti ilé ìwòsàn ni ó ni ọ̀rọ̀ ìlera. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ ibẹ̀ yóò ní àwọn aláìsàn tí ó bá wá bá òun ni òun ń tọ́jú. Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Síbẹ̀, ọmọ náà wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá sì gbà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ojúṣe àjùmọ̀ní, a kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa ṣe ohun gbogbo. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ilé, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ìjọba dárúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Inú ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá ni a ti lè rí ìdí rẹ̀ kedere jù lọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ yìí nìkan ni ó ń lo ara ọmọ fúnra rẹ̀ láti fi kọ́ ọ. Bí olùkọ́ ìṣirò bá ṣe àṣìṣe, a lè nu pátákó. Àṣìṣe orí pápá kì í fìgbà gbogbo ṣeé nù.

Ohun tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ nípa ọmọ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọmọ náà ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ilé ìwòsàn mọ̀. Olùkọ́ kò mọ̀. Ìyá kò sọ, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní abíkú tàbí kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa yẹra fún un. Olùkọ́ kò béèrè, nítorí pé kò sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí ìdíje eré ìdárayá ilé-dé-ilé ń bọ̀, olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin lábẹ́ oòrùn. Ọmọ náà sáré ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró. Olùkọ́ rò pé ọ̀lẹ ni, ó sì ní kí ó máa sáré lọ.

Ohun tí ó lè tẹ̀ lé e lè jẹ́ ìrora ọjọ́ mélòó kan. Ó sì lè jẹ́ ikú. Nínú ara ọmọ tí ó ní àrùn yìí, àwọn ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa a máa tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, pàápàá nígbà tí omi ara rẹ̀ bá dín kù, tí òtútù bá mú un, tàbí tí ó bá lo agbára ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ẹyọ ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè dé ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀, yálà nínú egungun, nínú ikùn, tàbí nínú àyà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ bẹ́ẹ̀ má ṣeré. Ara tirẹ̀ náà nílò ìdárayá, àti pé kí a máa dá a jókòó sábẹ́ igi lójoojúmọ́ kí ó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpalára mìíràn. Ó nílò omi mímu kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó nílò àǹfààní láti sinmi nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ àyè. A kò gbọdọ̀ fi ipá mú un sá eré ìje tí ó gùn, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dúró pẹ́ nínú aṣọ tí òjò pa. Bí àyà bá ń dùn ún, bí mímí bá ṣòro fún un, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí bí apá kan ara rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe ní kí ó lọ jókòó sí yàrá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi parí.

Ohun tí ì bá ti dènà gbogbo èyí kò ju ojú ìwé kan lọ. Nígbà tí a bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, kí fọ́ọ̀mù kan béèrè àìsàn tí ọmọ ní, oògùn tí ó ń lò, oúnjẹ tàbí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn méjì tí a lè pè. Òbí ni yóò fi òtítọ́ kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò ran òbí tí kò mọ orúkọ àìsàn náà lọ́wọ́, tí yóò sì kọ ohun tí ọmọ lè ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Olùkọ́ kan tí a yàn ni yóò tọ́jú ìwé náà, tí yóò sì rí i pé ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ti kà á kí táàmù tó wọlé. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni. A kì í kà á ní gbangba níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òbí tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ti fi àìsàn ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní sọ ti ọmọ tirẹ̀ mọ́, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ásímà náà nílò irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́, èéfín àti eré sísá lójijì lè mú kí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà mí fún pọ̀. Oògùn tí a ń fà sínú láti ẹnu gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ náà tàbí lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó wà lórí pápá. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n a máa gba gbogbo oògùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n a sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì. A mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ní ti oògùn ásímà, títì í mọ́lẹ̀ ni ó léwu.

Ní ti wárápá, ìbẹ̀rù àwọn àgbàlagbà ni ó ń ṣe ìpalára jù. Ìfófòó ẹnu ẹni tí gìrì wárápá mú kì í kó àìsàn ran ẹnikẹ́ni. Bí ó bá mú ọmọ lórí pápá, kí a kó ohun líle kúrò ní àyíká rẹ̀, kí a fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì dúró tì í. A kò gbọdọ̀ fi ṣíbí, igi tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bí gìrì náà bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí ó tún bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó jí, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí ó ní wárápá lè sáré, ó lè gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá lúwẹ̀ẹ́.

Àkókò tí ó ń sọnù

Lórí ìwé, eré ìdárayá wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún kòríkúlọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ṣe ní 2012, wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ète wọn ni láti dín ẹrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó bá wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ mìíràn rọrùn láti gbé sórí pátákó. Ọmọ lè kọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà nípa gígùn pápá ìsáré láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pápá rí. Bí ìdánwò bá sì ti súnmọ́lé, àkókò eré ni a kọ́kọ́ máa ń yá fún ìṣirò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a kì í sì í dá a padà.

Àwọn òbí ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ ìyípadà yìí, nítorí pé wọ́n rò pé eré ń jẹ àkókò ìwé. Ẹ̀rí tí ó wà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé ìdárayá tí ó tó ń ṣe ọkàn, egungun àti iṣan àwọn ọmọ ní àǹfààní, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ronú àti láti ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ wọn, ó sì ń dín àmì ìbànújẹ́ ọkàn kù. Ìlànà náà tún fi kún un pé, ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí àwọn eré tí ó gba agbára àti èyí tí ń mú iṣan àti egungun le wà lára rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé àwọn ọmọ wa kò nílò èyí, pé ọmọ tí ó ti pọn omi, tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé-ẹ̀kọ́, tí yóò tún kiri ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ti ṣe tó. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀: ìrìn àti iṣẹ́ ilé wà lára ohun tí a ń kà sí ìdárayá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí iṣẹ́ ti rẹ̀ kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fò, bí a ṣe ń ju nǹkan, bí a ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan láìṣubú, tàbí bí a ṣe ń pàdánù nínú ìdíje láìjà. Ní àwọn ìlú ńlá ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ọkọ̀ ń gbé lọ tí ó sì ń gbé bọ̀, inú ilé gbígbé tí a sọ di ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni wọ́n sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́, níbi tí àgbàlá kò ti tóbi ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta lè dúró sí lọ.

Ibi tóóró kò dí gbogbo eré. Ten-ten tí àwọn ọmọbìnrin ń fi ẹsẹ̀ ta ní ilẹ̀ Yorùbá, oga ní ilẹ̀ Ìgbò àti ampe ní Ghana, gbogbo wọn ni ó ní fífò àti àtẹ́wọ́ nínú, wọn kò sì nílò ju ìwọ̀n ẹní méjì lọ. Langa tí àwọn ọmọ Hausa ń fi ẹsẹ̀ kan ṣe, súwẹ̀ àti fífo okùn náà kò gbówó lórí. Olùkọ́ tí ó bá lo àwọn eré wọ̀nyí láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ti kọ́ eré ìdárayá ní tòótọ́.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àṣà kan tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láti inú. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìyà ni a fi ìdárayá ṣe: kí ọmọ tí ó pẹ́ dé máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kí ẹni tí ó pariwo sáré yí pápá ká, kí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì fi ìka kan kan ilẹ̀. Ọmọ tí a fi ìdárayá jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà kò lè fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà.

Àwọn ọmọbìnrin

Bí àwọn ọmọbìnrin bá ti ń bàlágà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi pápá sílẹ̀. Àwọn kan kò ní ibi tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan ń ṣe nǹkan oṣù, kò sì sí omi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ibòmíràn, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá Nàìjíríà, òbí lè má fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ sáré níwájú àwọn ọkùnrin tàbí nínú ṣòkòtò péńpé.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ pé òbí ni kò gbà, tí òbí sì sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn, ọmọ ni yóò jókòó. Ìpàdé kan lè yanjú ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ gígùn tí kò fún mọ́ni àti híjáàbù kò ní kí ènìyàn má sáré. Obìnrin lè jẹ́ olùkọ́ wọn. Àgbàlá tí ó ní ògiri lè jẹ́ tiwọn ní ọjọ́ tiwọn. Ohun tí òbí yóò ṣe ni kí ó sọ ohun tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣe ni kí ó pèsè rẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún àjẹsára pẹ̀lú. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ní oṣù Kẹwàá, 2023, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára ibi tí a ti ń fún wọn. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti dé láìjẹ́ pé a ti bá òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú, àgbọ́sọ ni yóò kọ́kọ́ dé ilé.

Aràn: ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan kò ti lè tó

Àwọn aràn inú tí a ń kó láti inú ilẹ̀ wà lára bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn ní àgbáyé. Ìgbẹ́ ni ẹyin wọn ń bá jáde. Ọmọ a gbé ẹyin náà mì láti ọwọ́ tàbí oúnjẹ tí kò mọ́. Irú aràn kan sì wà tí ń gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù yóò tètè rẹ̀ lórí pápá, yóò sì máa sùn ní kíláàsì.

Oògùn rẹ̀ rọrùn: hóró albendazole kan, tí ó jẹ́ mílígíráàmù 400, tàbí mebendazole ti mílígíráàmù 500. Olùkọ́ tí a ti fún ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lè fún àwọn ọmọ. Ní agbègbè tí àtọ̀sí ajá wà, ìyẹn àìsàn tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti wọ inú odò tí kòkòrò rẹ̀ wà, praziquantel ni a ń lò. Ọ̀pá tí a ti sàmì sí ni a fi ń wọn gíga ọmọ kí a lè mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Kí ọmọ ti jẹun kí ó tó lò ó, nítorí pé inú lè rú ọmọ tí ebi ń pa. Iṣẹ́ òbí ti wọ̀ ọ́ níbẹ̀, àti ti ètò oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2016, níbi tí ó bá dé.

Ṣùgbọ́n oògùn kò lè gbẹ́ ṣáláńgá. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò bá sí, tí àwọn ọmọ ń lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, láàárín oṣù mélòó kan aràn yóò ti padà. Olùkọ́ lè kọ́ni ní ọwọ́ fífọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi àti ọṣẹ, orin ni ọmọ kọ́.

Apá tí ó jẹ́ ti ìjọba

Nàìjíríà ní ìlànà kan lórí ìlera ilé-ẹ̀kọ́ láti 2006. Apá márùn-ún ni ó ní: àyíká ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ́ tí kò sì léwu, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ ìlera tí ń kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò ṣe, ìtọ́jú ìlera ní ilé-ẹ̀kọ́, àti àjọṣe láàárín ilé-ẹ̀kọ́, ilé àti àwùjọ. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ni ó gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò mú un ṣẹ, bí nọ́ọ̀sì àti oògùn, wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìlera. Láàárín ọ́fíìsì méjèèjì yìí ni owó àti ènìyàn ti ń dúró. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó fẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè kọ orúkọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yan ọjọ́ kan ní táàmù tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò wá.

Ghana gba ọ̀nà tí ó yẹ kí a wò. Ní 1992, iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ìlera níbẹ̀ jọ dá ètò ẹ̀kọ́ ìlera ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, a sì yan alákòóso fún un ní àwọn agbègbè. Èyí kò mú gbogbo ìṣòro kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ ẹni tí yóò pè.

Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn òbí, olùkọ́, àwọn àgbà ìlú àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ní ìjókòó nínú rẹ̀, lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù: Ta ni ó ní ìwé ìlera àwọn ọmọ lọ́wọ́? Ìgbà mélòó ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ sí pápá ní táàmù tí ó kọjá? Ǹjẹ́ omi wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin lónìí? Orúkọ ènìyàn, iye kan, àti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn wọn. Ìgbìmọ̀ tí a bá dáhùn fún pé "a ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀" kò tíì gba ìdáhùn.

Ohun tí àwọn àjọ àgbáyé ń ṣe

Ní ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ tí ó wáyé ní Dakar, ní Senegal, ní oṣù Kẹrin, 2000, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNESCO, UNICEF àti Báǹkì Àgbáyé jọ gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó so òfin ilé-ẹ̀kọ́, omi àti ìmọ́tótó, ẹ̀kọ́ ìlera, àti ìtọ́jú pẹ̀lú oúnjẹ pọ̀ mọ́ra wọn. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNESCO gbé òṣùwọ̀n mẹ́jọ jáde fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gbé ìlera lárugẹ. Botswana, Íjíbítì, Ethiopia, Kẹ́ńyà àti Paraguay ni a dárúkọ pé wọn yóò kọ́kọ́ dán an wò. Kò sí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dakar ni a ti fọwọ́ sí èyí tí ó ṣáájú. Àwọn òṣùwọ̀n náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo orílẹ̀-èdè, ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n láìdúró de ẹnikẹ́ni.